Lẹ́tà Aládùúgbò Kò Gbọdọ̀ Sọdá Òkè Kó Tó Délé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ọmọ Yorùbá àti ẹbí wọn sọ ní Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́, àfi ibi díẹ̀ tí mo gé kúrú.)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níjòókòó, mo kí yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru, tí ẹ kò tíì fojú kan ibùsùn, ẹ kú àìsùn. Mo rí àwọn kan nínú yín tí bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Olúwa yóò sọ agbára yín dọ̀tun. Alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, mo dúpẹ́ tí ẹ pè mí. Mo tún kí ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ rárá, tí ẹ kàn bá ọkọ yín, aya yín tàbí ọ̀rẹ́ yín wá. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń ránṣẹ́ síra wọn. Àrokò ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín sí okùn: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí wọ́n bá fi àrokò rán kò gbọdọ̀ já okùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan kún un, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà. Kí ló dé tí kò gbọdọ̀ fi pẹ́? Torí pé iṣẹ́ tó pẹ́ jù lọ́nà ti di iṣẹ́ mìíràn kó tó dé. Ẹni tó ránṣẹ́ lónìí pé ọkàn òun fà sí ọmọge kan, tí àrokò náà wá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọge lè ti wà nílé ọkọ.

Ohun tí mo ní í sọ kò jìnnà sí ìyẹn. Pláǹtì ìlú wa, ilé ńlá tí a ti ń ṣa lẹ́tà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó ń lọ, tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fẹ́ kó iṣẹ́ inú rẹ̀ lọ sí ibòmíràn yìí, àwa òṣìṣẹ́ nìkan kọ́ ló ni ín. Ẹni tó ń retí lẹ́tà ló ni ín. Tí àwa òṣìṣẹ́ bá sì dá jà á bí ìjà tiwa nìkan, a ó pàdánù rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn lóru?

Ìyá kan wà ládùúgbò mi, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kan tí a jọ dúró nídìí àpótí lẹ́tà, mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ kó iṣẹ́ pláǹtì ìlú wa lọ sí ibòmíràn. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọkùnrin tó ń gbé lẹ́tà wá yìí ló máa ń ṣà á ni?"

Inú mi bà jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó fi hàn mí pé àwa fúnra wa kò sọ̀rọ̀ tó. Òru la fi ń ṣiṣẹ́, ta ló fẹ́ rí wa? Apínlẹ́tà ni gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, ajá wọn pàápàá mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ló mọ ẹni tó to ẹrù tó wà nínú àpò rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ kò wọ pláǹtì rí, ẹ bá mi ká lọ. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké àti láti inú àwọn àpótí aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́bàá títì. Wọ́n á da lẹ́tà sórí bẹ́líìtì. Ẹ̀rọ kan á yí gbogbo wọn kojú sí ọ̀nà kan náà, á sì lu òǹtẹ̀ mọ́ sítáǹpù wọn. Ẹ̀rọ mìíràn á ka àdírẹ́sì, á tẹ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí àpòòwé. Èyí tó bá kan á wá fi àwọn ìlà yẹn ṣa lẹ́tà, ó lè ṣa ohun tó lé ní 30,000 láàárín wákàtí kan. Ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá ṣẹ́jú, ó ti ṣa mélòó kan.

Ẹ̀rọ náà kò mọ gbogbo nǹkan o. Mo rántí àpòòwé kan tí ọmọdé kọ àdírẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀, ìlà rẹ̀ ń gun òkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó yà òdòdó sí ibi tó yẹ kí orúkọ ìlú wà. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Ẹ̀rọ kò lè kà á. Nígbà tírú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, àwòrán iwájú àpòòwé ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ibùdó kan bí èyí tó wà ní Salt Lake City, níbi tí èèyàn ẹlẹ́ran-ara jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí yóò fojú rẹ̀ kà á, tí yóò tẹ àdírẹ́sì náà wọlé. Ojú èèyàn ló mú lẹ́tà ọmọ yẹn délé.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ló kù, òwúrọ̀ kùtù la sì ń ṣe é. Ẹ̀rọ á tún gba àwọn lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kejì, á tò wọ́n tẹ̀ lé bí apínlẹ́tà ṣe ń rìn, ilé sí ilé. Nígbà tí apínlẹ́tà bá gbé àpótí rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́tà ilé àkọ́kọ́ ló wà níwájú, tilé ìkẹyìn ló wà lẹ́yìn pátápátá. Ìlú kan odindi, a ti tò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kí àwọn ará ìlú tó jí. Nígbà tí mo bá ń wakọ̀ lọ sílé ní àárọ̀, tí mo rí iná tó ń tàn ní yàrá ìdáná àwọn èèyàn, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹ̀yin tó wà nílé yẹn, mo ti rí orúkọ yín lóru àná.

Wọn kì í pè é ní títì

Ẹ fetí sí apá yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú wa.

Wọn kì í sọ pé àwọn fẹ́ ti pláǹtì pa. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ "pa á pọ̀" mọ́ òmíràn. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di "ibùdó ìbílẹ̀". Ilé náà á ṣì dúró. Àsíá á ṣì máa fẹ́ lókè rẹ̀. Ọkọ̀ á ṣì máa wọlé, á máa jáde. Ará ìlú á wò ó, á ní, "Ṣebí wọ́n ní wọ́n á tì í, òun nìyí." Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣíṣa àwọn lẹ́tà tí ará ìlú fi ránṣẹ́ ti jáde kúrò níbẹ̀. Ìgò wà, epo ti tán nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù September ọdún 2011, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí kéde pé òun yóò yẹ nǹkan bí 250 pláǹtì wò nínú 487 tó ní, bóyá kí òun pa wọ́n pọ̀. Àwọn aṣòfin pariwo, wọ́n sún un síwájú di oṣù May ọdún 2012. Láàárín 2012 sí 2013, wọ́n pa 141 pọ̀. Ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù January ọdún 2015, pláǹtì 82 ló wà lórí ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Nínú oṣù kan náà ni wọ́n dẹ òfin àsìkò: lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ láàárín ìlú rẹ, tó máa ń dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kò di dandan mọ́ kó dé lọ́jọ́ kejì. Kí ọdún náà tó dé àárín, wọ́n dá èyí tó kù nínú ìpele kejì dúró.

Owó ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi pamọ́. Àwọn olùyẹ̀wò iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá ṣe ìṣirò lẹ́yìn náà. Wọ́n ní àyípadà ti January 2015 yẹn ni wọ́n retí pé yóò mú bílíọ̀nù 1.61 dọ́là wá láàárín ọdún méjì. Èyí tí wọ́n rí kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 91. Ẹ̀yin oníṣòwò tó wà láàárín wa, ẹ ṣe é fún mi: ẹni tó retí ọgọ́rùn-ún náírà, tí náírà márùn-ún lé díẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ṣé ó tún máa ná ọjà yẹn lẹ́ẹ̀kejì?

Wọ́n tún ná an. Ní ọjọ́ 23 oṣù March ọdún 2021, Louis DeJoy tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá jáde. Nínú ètò yẹn, nǹkan bí ọgọ́ta ibùdó ńláńlá ni yóò máa gba iṣẹ́ agbègbè wọn, àwọn pláǹtì kéékèèké yóò sì di ibùdó ìbílẹ̀ tí mo wí yẹn. Wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́ ní ìtòsí Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní July 2023. Wọ́n ṣí ti Atlanta ní Palmetto ní February 2024. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní oṣù kejì tí ti Palmetto bẹ̀rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tó ń wọ agbègbè Atlanta, nǹkan bíi 36 péré ló ń dé lásìkò. Sẹ́nétọ̀ Jon Ossoff ti Georgia fi ọ̀rọ̀ náà ko DeJoy lójú níwájú ìgbìmọ̀ ní April ọdún yẹn. Ní May, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ sẹ́nétọ̀ ti kọ̀wé sí i, DeJoy gbà láti dá kíkó iṣẹ́ àwọn pláǹtì kéékèèké kúrò dúró di ó kéré tán January 2025.

Èmi kò sọ èyí kí a lè bú ẹnikẹ́ni. Ó ti kúrò lórí oyè ní March 2025. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí òfin ayérayé dúró nígbà tí àwọn èèyàn pariwo tó.

Ìrìn àjò tí kò yẹ kí lẹ́tà rìn

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Medford, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oregon. Bí o bá ń gbé ní Medford, tí o kọ lẹ́tà sí ẹni tí ẹ̀yìnkùlé yín jọ kanra, lẹ́yìn tí wọ́n kó iṣẹ́ wọn lọ sí Portland ní 2024, lẹ́tà yẹn á kọ́kọ́ rìn ju 250 máìlì lọ sókè, wọn á ṣà á, á tún rin 250 máìlì padà. Aládùúgbò tí o lè fi òkúta lu òrùlé rẹ̀! Oregon sì ni ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n fi ń dìbò.

Wọ́n á ní, kí ni ọjọ́ kan tàbí méjì? Kí ló wà nínú rẹ̀?

Kí ló wà nínú rẹ̀? Àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú wọn kọ fún wọn láti lò nílé, inú lẹ́tà ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ku hóró méjì, ọjọ́ méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún un. Ìwé ìbò tó dé lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, kò sí ẹni tó máa kà á. Ṣẹ́ẹ̀kì tó pẹ́ lọ́nà, onílé kì í dúró dè é.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti ọmọ adìẹ, torí ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Láti ọdún 1918 ni ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń gbé ọmọ adìẹ ọjọ́ kan fún àwọn àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú páálí, pẹ̀lú ihò lára rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ "piyẹ́-piyẹ́" nínú pláǹtì ní aago mẹ́ta òru. Ọlọ́run fi oúnjẹ sínú ọmọ adìẹ: ìpupa ẹyin tó fà mu kó tó pa lè gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ọjọ́ mẹ́ta. Kò lé. Ní August 2020, nígbà tí lẹ́tà ń falẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ adìẹ ló kú kí wọ́n tó dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Maine. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ohun tó wà nínú ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ ní kó lọ bi àgbẹ̀ tó ṣí páálí yẹn.

Ti Reno ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló jọ tiwa jù.

Reno wà ní Nevada. Ètò wọn ni pé kí wọ́n máa kó lẹ́tà tó ti Reno jáde lọ sí Sacramento ní California láti lọ ṣà á. Lórí máàpù, kò jìnnà, nǹkan bí 130 máìlì ni. Ṣùgbọ́n òkè Sierra Nevada ló wà láàárín wọn. Ọ̀nà ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá ń gun òkè Donner, ibẹ̀ ga ju 7,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wakọ̀ ní àsìkò òtútù ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹ mọ ohun tí yìnyín ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó móoru, tó fi rúlà fa ìlà láti Reno dé Sacramento, kò rí òkè. Ìwé ló rí.

Ní February 2024, wọ́n pe ìpàdé ìta gbangba ní Reno. Àwọn òṣìṣẹ́ wá. Àwọn ará ìlú wá. Wọ́n bi àwọn aṣojú iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ léèrè pé, tí yìnyín bá ti ọ̀nà pa ńkọ́? Tí ó bá jẹ́ àsìkò ìbò ńkọ́? Kò pẹ́ rárá sí ìpàdé yẹn, ní ìparí February wọ oṣù March, ìjì yìnyín ńlá kan jà. Wọ́n ti ọ̀nà òkè náà pa fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí àlàyé tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè ṣe tó ìyẹn. Òkè fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí.

Ta ló wá dìde? Ẹ gbọ́ o. Gómìnà Joe Lombardo, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican. Aṣòfin Mark Amodei, Republican. Sẹ́nétọ̀ Jacky Rosen àti Sẹ́nétọ̀ Catherine Cortez Masto, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Àwọn tí kì í jọ gbà lórí nǹkan, lẹ́tà mú wọn jókòó sórí ẹní kan. Ní August 2024, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ yí ìpinnu padà: wọ́n ní ṣíṣa lẹ́tà tó ń jáde yóò dúró sí Reno.

Ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan ló ṣe é? Rárá. Ṣé ì bá ṣeé ṣe láìsí wọn? Rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ló mọ iye wákàtí tí ọkọ̀ fi ń gòkè, aago tó yẹ kó gbéra, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kò bá dé. Ará ìlú ló ní ohùn tí aṣòfin ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: lẹ́tà ti dín kù

Mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbí tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Bàbá, ta ló tún ń kọ lẹ́tà?" Ọmọ mi náà bi mí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni, mi ò sì ní fi ọwọ́ bò ó.

Lẹ́tà ti dín kù. Ní ọdún 2001, lẹ́tà onípele kìíní, ìyẹn irú lẹ́tà ojoojúmọ́ tí a ń lẹ sítáǹpù mọ́, tó gba ọwọ́ ìfìwéránṣẹ́ kọjá lé ní bílíọ̀nù 103. Ní 2024, ó ti wá sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 44. Ju ìdajì lọ ti lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí ohun tó yí padà ń tan yín jẹ, kódà bó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdàkejì. Ilé tí a ń gbé lẹ́tà lọ kò dín kù, ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ni. Ẹrù inú páálí ti pọ̀. Òfin tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ kò sì sọ pé kó máa jèrè. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so orílẹ̀-èdè pọ̀ nípasẹ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń kọ síra wọn. Kódà ó ní wọn kò gbọdọ̀ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré kan pa kìkì nítorí pé kò mówó wọlé tó. Owó orí yín kọ́ la fi ń ṣe é, owó sítáǹpù ni.

Ti gbèsè tí wọ́n sì máa ń fi dẹ́rù bà wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ní 2006, àwọn aṣòfin fi lélẹ̀ pé kí ìfìwéránṣẹ́ máa san nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.5 dọ́là lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá, sílẹ̀ de ìtọ́jú ìlera àwọn tí yóò fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ iwájú. Wọn kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn lórí. A pariwo, a pariwo. Ọdún 16 ló gbà wá. Ní April 2022, Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí òfin tó gbé ẹrù náà kúrò, nǹkan bíi bílíọ̀nù 57 tí wọn kò tíì san ló pa rẹ́. Ẹni tí wọ́n di òkúta mọ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n wá ní kò mọ̀ ọ́n sá, ta ló jẹ̀bi?

Ti àwa òṣìṣẹ́

N kò ní pẹ́ níbí, torí ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn mọ̀ ọ́n.

Lábẹ́ àdéhùn wa, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà nínú iṣẹ́ tó dúró gbọin, wọn kò lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jà fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e lọ sí ibòmíràn, ibẹ̀ sì lè jìnnà. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru kó lè wà nílé nígbà tí àwọn ọmọ bá dé láti ilé ìwé, tí wọ́n wá ní kó máa wakọ̀ wákàtí kan àbọ̀ lọ, wákàtí kan àbọ̀ bọ̀, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tíì dúró gbọin wá ni ọ̀rọ̀ náà máa ń kọ́kọ́ dé bá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà nínú wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé bó ṣe wà ló ti ń wà: ní ọdún 1970, owó tí wọ́n ń san fún apínlẹ́tà kò ju nǹkan bíi 6,176 dọ́là lọ́dún, ọdún 21 ló sì gbà kó tó dé 8,442. Àwọn kan nínú wọn ní New York kún ojú òṣùwọ̀n ẹni tó lè gba owó ìrànwọ́ aláìní, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe. Òfin kò fún wọn láyè láti yanṣẹ́ lódì. Ní ọjọ́ 18 oṣù March, wọ́n yan án. Láti New York, ó tàn dé ọ̀dọ̀ nǹkan bí 200,000 òṣìṣẹ́. Ààrẹ Richard Nixon kó sójà wọ New York láti wá ṣa lẹ́tà. Àwọn sójà dé ìdí iṣẹ́, wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe! Iṣẹ́ tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, wọ́n rí i pé ó gba ọpọlọ. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ, ìjọba ti gbà láti jókòó. Wọn kò lé ẹnì kankan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Inú ìjà yẹn ni ẹ̀tọ́ tí a fi ń jókòó dúnàádúrà lónìí ti jáde, inú rẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ wa, APWU (ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà), ti jáde ní July 1971, nígbà tí ẹgbẹ́ márùn-ún para pọ̀ di ọ̀kan.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yanṣẹ́ lódì o. Òfin ṣì kọ̀ ọ́, àwa náà sì ti ní ọ̀nà tí wọn kò ní nígbà náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú ló ti àwọn èèyàn yẹn lẹ́yìn. Àwọn ará ìlú mọ apínlẹ́tà wọn, wọ́n sì kọ̀ láti bínú sí i.

Ohun tí a ó ṣe

Kí wọ́n tó lè kó irú iṣẹ́ yìí lọ, wọ́n ní láti ṣe ìwádìí, wọ́n á gbé àbọ̀ àkọ́kọ́ jáde, wọ́n á pe ìpàdé ìta gbangba, wọ́n á sì gba ohun tí ará ìlú bá kọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tí gbọ̀ngàn bá ṣófo lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú kò ní ohun tó ń dùn ún.

Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá dìde níbẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ wa. Àwa tí a wọ aṣọ ẹgbẹ́ á sọ ìyẹn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gba oògùn nínú lẹ́tà, ẹ sọ orúkọ àìsàn náà tí kò bá tì yín lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtajà, ẹ mú ìwé yín dání: iye páálí tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù, iye ọjọ́ tí ó ń gbà báyìí. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ bá wa kéde rẹ̀ ní Jímọ̀ àti ní Sọ́ńdè. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń ṣe wàhálà fún, kó sọ ọ́ ní Yorùbá, a ó ní ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀ láti òní: aago tí ọkọ̀ dé, aago tó gbéra, ohun tí ojú ọjọ́ ṣe. Kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni o, ẹ má ṣe kọ orúkọ tó wà lára àpòòwé rárá, ìbúra wa ni. Aago nìkan. Kí a lè ní òkè Donner tiwa láti fi hàn wọ́n.

Ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyá àdúgbò mi yẹn, mo ti ṣàlàyé fún un. Ó bi mí pé, "Nígbà wo ni ìpàdé náà?" Ó ní òun kò rìn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá lè fi ọkọ̀ gbé òun, òun á lọ. Mo ti gbà láti gbé e. Àyè mẹ́ta ló kù nínú ọkọ̀ mi. Ìwé wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀, kó kọ iye àyè tó ní. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀, kó kọ ibi tó ń gbé.

Mo rí ìyá kan tó nawọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀. Ẹ máa wí, Mà, a ń gbọ́ yín.